Eré Kọ̀, Kò Ṣí Nínú Kọ̀ǹpútà: Ṣé Ọmọ Ni Ó Jẹ̀bi?

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sì yọ ilé tèmi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, àti ti eré tí àwọn ọmọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní géèmù. Bí géèmù bá kọ̀ tí kò ṣí, ta ni ó jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ nínú àwa bàbá kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dáhùn pé ọmọ ni.

Ìjù ni mo ń gbé, Ìjù ti Ọ̀tà ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, kì í ṣe Ìjù ti Èkó tí ilé iṣẹ́ omi wà. Ládàánì ni mo jẹ́ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ kàwé, mo sì ka ìwé mẹ́fà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé kéwú wa, àti ìwé owó tí àwọn ènìyàn dá fún àtúnṣe mọ́ṣáláṣí, ìdí nìyí tí mo fi rà á. Bí mo bá ti parí iṣẹ́ mi, àwọn ọmọ a jókòó sí i. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fẹ́ràn géèmù ìṣirò kan tí olùkọ́ wọn fi hàn wọ́n. Bí ó bá gba ìṣirò náà, ọkọ̀ inú eré a máa sáré lọ. Bí kò bá gbà á, ọkọ̀ a dúró gbagidi.

Ní Sátidé kan, ó pè mí, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, eré yìí kò ṣí o." Mo wo ojú ẹ̀rọ náà, mo rí i tí ó kọ ọ́ pé ibi tí a fẹ́ lọ kò ní ààbò. Mo gbìyànjú ibòmíràn, kò ṣí. Mo tún gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kẹta, pàbó ni. Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ ni o bà á jẹ́. Géèmù rẹ ni ó kó fáírọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀." Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni ó ń pa. Mo nà án ní pàṣán mẹ́ta, mo sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi ní kí n mú ₦35,000 wá, òun yóò pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, òun yóò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀tun. Mo bi í pé, ìwé orúkọ àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwé owó ńkọ́? Ó ní gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ. Àyà mi já. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni, n kò sì kọ ọ́ sí ibòmíràn. Owó tí àwọn ènìyàn fi sí ìkáwọ́ mi ni, kí ni n ó sọ bí wọ́n bá bi mí? Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo padà sílé.

Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní apá Sango tẹ̀ lé mi wálé. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ náà, kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó kàn bi mí pé, "Bàbá Ládàánì, ọdún wo ni a wà yìí?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kí ni mo rí? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 2009! Èmi tí mo ń pe ìrun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, tí n kì í jẹ́ kí àkókò àsùbáà yẹ̀, aago inú yàrá mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, n kò sì bojú wò ó.

Ó tún bèèrè pé, ṣé bí a bá tan ẹ̀rọ náà, kì í ní kí a tẹ F1 kí ó tó tẹ̀ síwájú? Kí n tó dáhùn, ọmọ mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Láti ọjọ́ tí iná ti dé padà ni ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́." Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Èmi ni n kò bi í.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, ó rí róbótó bí owó wẹ́wẹ́. CR2032 ni wọ́n ń pè é: ó fẹ̀ ní mìlímítà 20, ó nípọn ní mìlímítà 3.2, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 3. Òun ni ó ń jẹ́ kí aago ẹ̀rọ náà máa rìn nígbà tí kò bá sí iná. Bí bátìrì yìí bá kú, tí a sì ní iná, a lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò wa bàjẹ́, a wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà ti gbàgbé ọjọ́ òní.

Kí ni ọjọ́ wá ní í ṣe pẹ̀lú eré? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ibi tí a ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ni ó ní ìwé ẹ̀rí tí ó fi ń hàn pé òun kì í ṣe ayédèrú. Ìwé ẹ̀rí náà ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, bí ìwé àṣẹ awakọ̀. Ohun tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní búráúsà, a máa fi aago inú kọ̀ǹpútà yẹ ìwé ẹ̀rí náà wò. Bí aago bá ní 2009 ni a wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe ní ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Búráúsà yóò kọ̀, kò ní ṣí. Kò ṣẹ̀ wá. Ó ń dáàbò bò wá ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ okùn iná, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó pa bátìrì náà dà. Owó rẹ̀ kò tó owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan nílé mi. Ó tún ọjọ́ àti aago ṣe, géèmù ìṣirò sì ṣí wàrà. Ìwé orúkọ wà níbẹ̀, ìwé owó wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n géèmù kan ṣì kù tí kò ṣí, ti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ojú rẹ̀ kàn funfun báláú ni. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago. Ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ ni wọ́n fi ohun kan tí ń jẹ́ Flash ṣe. Láti ọdún 1996 ni irú iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2005 ni ilé iṣẹ́ Adobe gbà á nígbà tí wọ́n ra ilé iṣẹ́ Macromedia. Àwọn olè máa ń gba ihò inú rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà ènìyàn, ní 2017 Adobe sì kéde pé àwọn yóò pa á tì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2021, ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó ba irú géèmù bẹ́ẹ̀ jẹ́ nínú ilé yín; ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé lórí ni wọ́n kó lọ. Àwọn kan ti ṣe ohun tí ń jẹ́ Ruffle, tí ó ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn eré àtijọ́ wọ̀nyí tún ṣí, ilé ìkówèésí Internet Archive ní Amẹ́ríkà sì ti ń lò ó láti 2020.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi níhìn-ín o. Bí ojú ẹ̀rọ bá sọ fún ọmọ yín pé kí ó gba Flash tuntun sínú kọ̀ǹpútà kí eré tó lè ṣí, ẹ̀tàn ni. Kò sí Flash tuntun mọ́. Fáírọ́ọ̀sì gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ má sì rò pé eré òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2012 ni àwọn Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, wọ́n sì ṣe eré tí ó jọ ìgbésí ayé wa, bí Okada Ride, ti ọlọ́kadà, àti Mosquito Smasher, ti ẹni tí ń pa ẹ̀fọn. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹ̀fọn?

Nítorí náà, bí géèmù bá kọ̀ nílé yín, ẹ ṣe é báyìí. Bí iná bá lọ, a kì í kọ́kọ́ tú wáyà ilé wa. Ilé aládùúgbò ni a ń wò. Bákan náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibòmíràn ń ṣí. Bí ohunkóhun kò bá ṣí, ẹ yẹ dátà wò bóyá ó ti tán, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já nínú òkun ní ìtòsí Abidjan, ó sì kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà. Ṣé ọmọ ta ni ó já wọn?

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọjọ́ àti aago. Bí ó bá tọ̀nà, tí géèmù kan ṣoṣo sì ni kò ṣí, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ F5, kí ó lè gbé e wá ní ọ̀tun. Ẹ tún wo búráúsà bóyá ó ti gbó. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows 7 kò rí Chrome tuntun gbà mọ́ láti 2023, àwọn géèmù tuntun mìíràn kò sì ní gbà á. Bí géèmù bá ti pẹ́ púpọ̀, ẹ fura sí Flash. Ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ pa gbogbo ohun inú ẹ̀rọ rẹ́, ẹ kọ́kọ́ da ìwé yín kọ sí ibòmíràn. Èmi ti ṣe tèmi báyìí.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá tèmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbáà, mo pe ọmọ mi jókòó. Mo ní, "Mo ṣì ọ́ nà. O kò purọ́. Dárí jì mí." Ojú tì í, kò mọ ohun tí òun yóò sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi, èmi náà ìbá ti sọ ọ̀rọ̀ F1 fún yín." Láti ìgbà náà, bí ohun kan bá ṣe ẹ̀rọ, òun ni ó ń kọ́kọ́ wá sọ fún mi, kì í sá pamọ́ mọ́. Ẹ̀yin bàbá ẹgbẹ́ mi, ẹ wo aago kí ẹ tó mú pàṣán. Ó dàbọ̀ o.