Ikú Sún Sẹ́yìn Díẹ̀: Ta Ni Yóò Tọ́jú Àwọn Àgbà Wa?

Bí a bá ń gbàdúrà fún ara wa ní Titirou níbí, a kì í gbàgbé láti sọ pé, “Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó.” Àdúrà náà ti ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ǹjẹ́ a ti múra sílẹ̀ fún ohun tí a ń tọrọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Ní 1960 tí ilẹ̀ wa gba òmìnira, bí a bá ro ọdún tí àwọn ènìyàn ń lò láyé pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, kò tó 40 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ó ti tó nǹkan bí 60. Kì í ṣe pé kò sí arúgbó nígbà náà. Ikú àwọn ọmọdé ni ó mú kí iye náà kéré. Ṣọ̀pọ̀ná ń pa wọ́n, èéyi ń pa wọ́n, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n. Kò yani lẹ́nu pé àwọn baba wa ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé.

Ní 1967, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ogun ńlá dìde sí ṣọ̀pọ̀ná. Ní 1980, wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Ní 1974, wọ́n tún dojú kọ àrùn tí kòkòrò etí odò ń fà, tí ó ń fọ́ni lójú, ní orílẹ̀-èdè méje. Tiwa, tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà, wà nínú wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọ̀n ẹ̀fọn ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Ìwádìí 1996 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí 167 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Nínú ìwádìí 2017 sí 2018, ó ti di 96. Iye náà ṣì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ arúgbó tí ó pọ̀ nílùú, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé nínú 100 ènìyàn ní Japan, àwọn tí ó ti pé ọdún 65 ń lọ sí 30, nígbà tí tiwa jẹ́ nǹkan bí 3 péré. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ikú bá kọ́kọ́ dín kù, àwọn ọmọdé ni ó ń pọ̀. Ìgbà tí ọmọ bíbí bá dín kù ni iye àgbà ń ga láàárín àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wo 3 nínú 100 nìkan. Ní ìkànìyàn 1979, a lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀ kò pé. Ní 2013, a ti lé ní mílíọ̀nù 10. Bí ilé bá kún ní ìlọ́po mẹ́ta, àwọn àgbà inú rẹ̀ náà kò lè ṣẹ́kù bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ilẹ̀ Faransé lo nǹkan bí 115 ọdún kí àwọn àgbà rẹ̀ tó kúrò ní 7 nínú 100 dé 14. Wọ́n rí àyè ṣètò owó ìfẹ̀yìntì àti ilé ìwòsàn. Ní tiwa, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń san owó sí CNSS ni ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Àgbẹ̀ ńkọ́? Ìyá tí ó ń pàtẹ ní ọjà Arzèkè ńkọ́? Bíríkìlà ńkọ́? Ọmọ wọn ni owó ìfẹ̀yìntì wọn. Òkété bó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Ọmọ náà sì ti lọ sí Cotonou, tàbí Nàìjíríà, tàbí òkè òkun. Ó ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n fóònù kì í wẹ bàbá, kì í gbé ìyá dìde lórí ẹní. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹrù náà ń já lé lórí nílé: ìyàwó ilé, tàbí ọmọbìnrin tí ó pa ọjà rẹ̀ tì, tàbí ọmọ-ọmọ tí a yọ kúrò ní ilé ìwé.

Àìsàn àgbà kì í sì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀, ojú tí kò ríran mọ́, àti àìsàn ìgbàgbé. Ìyá arúgbó tí ó ń rìn kiri lóru, tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí, àwọn kan á ní àjẹ́ ni. Ẹ̀yin ará, ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó bá lé e jáde ti ṣẹ̀ sí òfin Ọlọ́run.

Ohun tí ó dùn wá jù nìyí. Bí àgbà bá kú, ẹbí á pé. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó pa màlúù, a ó yá àga, a ó jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà láàyè, ta ni ó pe ìpàdé nítorí awò ojú rẹ̀? Òkú kò mọ iye tí a fi ra pósí rẹ̀. Ìwé òfin ẹbí ilẹ̀ wa ti 2004 pàápàá sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún ọmọ láti gbọ́ bùkátà òbí tí ó ṣe aláìní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹbí pé nísinsin yìí tí òbí ṣì ń gbọ́. Kí ẹni tí ó jìnnà máa mú owó wá, kí ẹni tí ó wà nílé máa gba ìsinmi. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò máa gbà á ṣe. Kí a máa mú wọn lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ara tó kọ̀. Kí ẹgbẹ́ tí ó ń dá àjọ ìsìnkú náà ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún oògùn àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ béèrè bóyá ọ̀gá yín ń san owó yín sí CNSS.

Láti 2021 ni olóògbé Póòpù Francis ti ya ọjọ́ Àìkú kẹrin oṣù Keje sọ́tọ̀ fún àwọn òbí àgbà. Ó dára kí a kọrin fún wọn ní ọjọ́ náà. Ó dára jù kí omi gbígbóná wà fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a dàgbà. Kí ó má jẹ́ kí a dàgbà sínú ìyà.