Lẹ́ǹsì Tuntun Nínú Férémù Àtijọ́: Òótọ́ Àbí Irọ́?

"Nọ́ńbà ojú mi ti yí pa dà, awò yìí ò wúlò mọ́."
Irọ́. Ojú ló yí, férémù ò yí. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi atẹ́gùn gbígbóná mú férémù oníke rọ̀, á yọ lẹ́ǹsì àtijọ́, á ki tuntun bọ̀ ọ́. Ti onírin, sùkúrù kékeré ni wọn yóò tú. Àmọ́ férémù oníke tó ti gan, tó funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, lè kán nínú ooru yẹn. Kì í ṣe gbogbo férémù ló ṣeé gbà là.

"Férémù acetate kì í pa ilẹ̀ lára, ṣebí òwú àti igi ni wọ́n fi ṣe é."
Irọ́ tó gbé aṣọ òótọ́ wọ̀. Òwú àti igi ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́míkà ti sọ wọ́n di ike, kì í sì í jẹrà bí ewé. Ara pátákó ike ni wọ́n ti ń gé e. Ẹ wo ihò méjì tí lẹ́ǹsì ń wọ̀: ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di pàǹtí kí awò tó dé ṣọ́ọ̀bù.

"Tí mo bá pààrọ̀ lẹ́ǹsì nìkan, kò sí pàǹtí."
Irọ́ gbáà, àwọn tó fẹ́ràn àyíká ló sì ń pa á jù! Róbótó ni lẹ́ǹsì máa ń wá, fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń tó mìlímítà 65 sí 75. Ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ títí yóò fi bá ihò férémù mu, ìyókù á di ẹrẹ̀ funfun nínú omi abẹ́ ẹ̀rọ. CR-39, ike tó wọ́pọ̀ fún lẹ́ǹsì, kò ṣeé yọ́ tún ṣe. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ lẹ́ǹsì awò tuntun. Orí férémù tí a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ṣe ni èrè wà.

"Ó sàn kí n fi awò àtijọ́ mi ṣe sàráà."
Ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 yẹ awò àlòkù 275 tí wọ́n fi tọrẹ wò. 7 péré nínú 100 ló ṣeé lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra awò tuntun, ẹ kọ́kọ́ gbé èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìsomọ́ apá rẹ̀ àti etí ihò rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ooru kàn án.