Ojú Egbò Pa Dé, Inú Rẹ̀ Kò Tíì Jinná: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Abẹ Ikùn

OLÓÒTÚ: Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní alẹ́ yìí, kọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ọ́. Àwọn abiyamọ kan, àti àwọn tí wọ́n ti sanra rí tí wọ́n wá fọn, a máa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kí a lè bá wọn gé awọ ikùn tí ó rọ̀ kúrò. Dókítà, báwo ni egbò bẹ́ẹ̀ ṣe ń jinná?

DÓKÍTÀ: Ẹ ṣeun. N kò wá síbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1899 ni Howard Kelly ti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ti gé ọ̀rá ikùn báyìí, ní ọdún 1967 ni Ivo Pitanguy, ọmọ ilẹ̀ Brazil, kọ ìwé nípa àwọn tí òun ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí egbò náà ti tóbi tó. Oníṣẹ́ abẹ yóò la ìsàlẹ̀ ikùn láti ìbàdí kan dé èkejì. Yóò ká awọ àti ọ̀rá sókè kúrò lára iṣan ikùn títí dé abẹ́ egungun ìhà. Yóò rán iṣan tí oyún ti yà sọ́tọ̀ pọ̀, yóò fa awọ wálẹ̀, yóò gé èyí tí ó lé, yóò sì la ojú tuntun fún ìdodo. Nítorí náà, ilà tí a ń rí lójú awọ, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Abẹ́ awọ ni egbò gan-an wà.

Ní ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ibẹ̀ yóò wú, yóò sì máa dun ni. Ara ni ó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹran tuntun yóò máa hù, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Ní àsìkò yìí, ojú egbò ti pa dé, àwọn ènìyàn a sì rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ 1, agbára ojú egbò kò tó ìdá kan nínú 10 ti awọ tí abẹ kò kàn. Ní ọ̀sẹ̀ 3, ó tó ìdá 2 tàbí 3. Ní nǹkan bí oṣù 3, ó lè tó ìdá 8, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ láéláé. Ẹni tí ó bá pọn ọmọ tàbí tí ó gbé garawa omi ní ọ̀sẹ̀ kẹta, okùn inú ni ó ń fà. Ọ̀sẹ̀ 6 ni a sábà máa ń ní kí wọ́n fi yẹra fún ẹrù wúwo.

Ibi tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni àárín ilà náà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí a ká awọ sókè, a ti gé ọ̀pọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú iṣan wá. Ti ẹ̀gbẹ́ ni ó kù. Ó dà bí omi ẹ̀rọ àti ilé tí ó wà ní òpin òpópó: kí omi tó débẹ̀, agbára rẹ̀ ti dínkù. Sìgá a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìdí nìyí tí a fi ń béèrè pé kí amusìgá ti jáwọ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Bí etí awọ bá dúdú, tí ó tutù, tí ó sì le, ẹ má ṣe họ ọ́. Ẹ padà lọ bá oníṣẹ́ abẹ yín.

OLÓÒTÚ: Àwọn ìyá wa a máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn abiyamọ. Ṣé ó lè ran èyí lọ́wọ́?

DÓKÍTÀ: Rárá o! Awọ náà lè má mọ nǹkan kan lára fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí a ti gé iṣan ìmọ̀lára. Omi lè bó o kí ẹni náà má mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀já: aṣọ tí oníṣègùn fún yín ni kí ẹ wọ̀, èyí tí a bá fún jù lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Omi a máa gbárajọ sínú àyè tí ó wà lábẹ́ awọ. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń fi ọ̀pá rọ́bà sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá yọ rọ́bà tán tí ikùn ń mì bí ìgò omi, abẹ́rẹ́ ni a ó fi fà á, ó sì lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lára adúláwọ̀, pípọ́n ojú egbò kì í hàn ketekete. Ẹ fi ọwọ́ wò ó bóyá ó ń gbóná, ẹ sì ṣọ́ òórùn, ọyún àti ibà.

Èyí tí ń pa ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ tí ó dì nínú ẹsẹ̀ tí ó wá gun ẹ̀dọ̀fóró lọ. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń mú wọn rìn ní ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ba. Àwọn kan a lọ ṣe é ní òkè òkun ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n a sì wọ ọkọ̀ òfuurufú padà kí ara tó mókun. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ẹ̀yìn ojúgun ń dunni, tàbí tí èémí kò délẹ̀, kí wọ́n sáré lọ sí ilé-ìwòsàn, kí wọ́n má sì fi iṣẹ́ abẹ náà pamọ́ fún dókítà. Mo ti rí ẹni tí ó sọ pé ibà lásán ni ó ń ṣe òun.

OLÓÒTÚ: Àpá rẹ̀ ńkọ́?

DÓKÍTÀ: Àpá a máa tẹ́, a sì máa rọ̀, fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tiwa a máa wú kọjá ojú egbò ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹni tí etí lílu rẹ̀ ti wú bẹ́ẹ̀ rí, kí ó sọ ọ́ fún oníṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ rárá.