Ooru Yìí Ti Pọ̀ Jù: Èèwọ̀ Tó Yẹ Ká Fi Kún Ti Ilé Wa

 

Mo ń dárúkọ ooru nítorí pé kò sí ẹni tó wá dáfá lọ́dọ̀ mi lẹ́nu oṣù mélòó kan yìí tí kì í kọ́kọ́ nu ojú kó tó jókòó sórí ẹní. Àwọn àgbẹ̀ inú wọn ń ráhùn pé òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tàn wọ́n lọ sóko, wọ́n gbin àgbàdo, òjò wá dá pátápátá títí àgbàdo fi kú mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní ewé tí àwọn ń já lẹ́yìnkùlé nígbà kan, ọkọ̀ ni àwọn ń wọ̀ lọ wá a báyìí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ewé, ó ti kan babaláwo. Kò sí ewé, kò sí òrìṣà.

Àwọn onímọ̀ ń pe nǹkan yìí ní àyípadà ojú ọjọ́. Ọdún 2024 ló móoru jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé sínú ìwé. Ohun tó fà á ò fara sin. Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ tí aráyé ti ń sun láti nǹkan bí igba ọdún ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní káábọ́ọ̀nù. A kì í fojú rí i. Òkè ló ń lọ, ó sì ń bo ayé bí ẹni fi aṣọ òfì bora lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn: ooru tó yẹ kó jáde ò rọ́nà lọ. Igi ló ń fa afẹ́fẹ́ náà sára, òun ló sì fi ń sanra. Tá a bá gé igi, tá a sun ún, ohun tó ti ń fà pamọ́ láti ogójì ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa tú u sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan. Ó ní, "Baba, ṣé àwa la ba ayé jẹ́ ni? Tí n bá pa jẹnẹrétọ̀ mi lálẹ́ òní, kí ni yóò fi ṣe ayé?" Mi ò fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Gbogbo káábọ́ọ̀nù tí Nàìjíríà ń tú jáde látinú epo àti gáàsì ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ a lé ní igba mílíọ̀nù èèyàn. China àti Amẹ́ríkà ló ń ṣíwájú. Iná gáàsì tó ń jó lásán nídìí kànga epo lápá Niger Delta, èmi àti ìwọ kọ́ la tàn án, kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ló ti ń jó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìyá tó ń dín àkàrà ló ba ojú ọjọ́ jẹ́, irọ́ ló ń pa, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi náà bi í ní tèmi. Mo ní, "Ta ló pa igbó Ọ̀ṣun mọ́ ní Òṣogbo?"

Ẹ jẹ́ á ro ìyẹn wò dáadáa. Òṣogbo ti di ìlú ńlá, ilé ti gba ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ igbó Ọ̀ṣun wà níbẹ̀ di òní, hẹ́kítà 75. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn tó fẹ́ gé e, tó fẹ́ fi dáko, ti ń wọ inú rẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn àwòrò àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú, ló dìde dúró. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan níbẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Gbogbo ìyẹn dára, mo kí wọn. Àmọ́ ìwé ìjọba kì í ṣọ́ igi lóru. Ohun tó ń ṣọ́ igbó yẹn ni èèwọ̀: a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pa ẹja odò náà, a kì í gé igi rẹ̀. Ọkùnrin kan á kọjá lọ́jọ́ kan, ebi á máa pa á, ẹja á máa fò lójú rẹ̀, á sì fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ohun kékeré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ṣe, òun ló di igbó tí gbogbo ayé ń wá wò.

Mi ò ní tàn yín pé èèwọ̀ nìkan tó. Omi Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó yẹn kọjá ti yí àwọ̀ padà torí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn láti má mu ún. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ pa èèwọ̀ mọ́, ẹni tó wà lókè ò pa á mọ́. Nítorí náà, ẹ máa pariwo sí ìjọba létí, ẹ máa bi àwọn tó ń wá ìbò yín léèrè. Ṣùgbọ́n ẹnu tó bá fẹ́ pariwo, ó dáa kó lè sọ pé ilé tòun rèé.

Ilé ìdáná ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú, àwọn baálé ni mo ń bá wí gan-an. Láti 2023 tí owó epo ti gbéra, tí gáàsì náà sì ń tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ilé tó ti kúrò nídìí èédú ti padà síbẹ̀. Kí ẹ tó rí èédú kílò kan, bí wọ́n ṣe ń sun ún lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ nílẹ̀ wa, igi tó ń lọ sí i lè tó kílò mẹ́fà sí mẹ́wàá. Igi wo? Apá, ayin, igi òrí, láti Òkè-Ògùn wá sí Ìbàdàn àti Èkó, àpò lórí àpò. Apá tá à ń wá èèpo rẹ̀ kiri yìí, ó ti lè jẹ́ òun lẹ fi sun iṣu jẹ lánàá. Èéfín ibẹ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín ìdáná ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3 èèyàn lọ́dún, obìnrin àti ọmọdé ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gáàsì náà ń tú káábọ́ọ̀nù, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kì í gé igi, kì í sì í kó èéfín sí ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó yín. Baálé tó lè ra ọtí onígò fún àlejò, kó ra gáàsì.

Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a, ẹ rẹ ẹ̀wà láti alẹ́, ẹ dé ìkòkò, ẹ sá igi kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kì í bọná, ẹ fi amọ̀ mọ ààrò yí iná ká kí atẹ́gùn má máa gbé ooru lọ. Nílé tiwa, ààrò mẹ́sàn-án là ń dá lọ́jọ́ ọdún Ifá, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. A ti sọ ọ́ di mẹ́ta ńlá. Igi tá à ń lò dín kù dé ìdajì, ìjà náà sì dín kù díẹ̀.

Níbi tá a dé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Ẹbọ tí Ifá bá yàn, ẹ rú u bó ṣe yàn án. Ifá ò yan kúlà ìrẹsì márùn-ún tí ẹ ń dà sórí ààtàn lọ́jọ́ kejì, ojú ayé ló yan ìyẹn fún yín. Oúnjẹ tó bá ń jẹrà lórí ààtàn ń tú afẹ́fẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ mẹ́tẹ́nì, agbára tirẹ̀ láti mú ayé gbóná sì ju ti káábọ́ọ̀nù lọ. Ẹ sè é níwọ̀n, ẹ pín in fún àdúgbò lọ́jọ́ náà.

Ti jẹnẹrétọ̀ ọmọ mi yẹn, a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ ni. Lítà epo bẹntiróòlù kan tó bá jó ń tú káábọ́ọ̀nù tó ju kílò méjì lọ. Ó ní òun ń lo lítà mẹ́ta lálẹ́, ìyẹn bíi kílò méje. Igi sí igi yàtọ̀, ṣùgbọ́n tá a bá ní igi ńlá kan ń fa bíi kílò 20 láàárín ọdún kan, alẹ́ mẹ́ta péré ni ọmọkùnrin yìí fi ń jẹ iṣẹ́ ọdún kan igi náà. Kí ló ń tàn án fún? Gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan, àti bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀ sí LED, èyí tó ń gba wáàtì 9 níbi tí ti àtijọ́ ti ń gba 60. Aago mẹ́wàá ló ń pa ẹ̀rọ báyìí. Ó ń tu owó sólà kékeré jọ. Owó tó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ti ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ, ìyẹn náà dáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ndọ̀nù, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ọkọ̀ òfuurufú láti ọ̀dọ̀ yín wá sí Èkó àti àpadàlọ, ìpín èrò kan nínú káábọ́ọ̀nù rẹ̀ ń lọ sí bíi kílò 1,000. Ìyẹn ju oṣù mẹ́rin jẹnẹrétọ̀ ọmọ mi lọ. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má wá ṣọdún, ta ni yóò wá kí wa? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún fún ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fún òde ìnáwó, kó wá lẹ́ẹ̀kan, kó sì jókòó tì wá dáadáa.

Ọ̀rá ló kù. Ẹ lọ wo etídò èyíkéyìí tí a ń gbé ẹbọ lọ, ẹ ó rí ike, igo àti ọ̀rá dúdú. Igbá, ìkòkò amọ̀ àti ewé ni àwọn baba wa ń lò, gbogbo rẹ̀ ń padà sínú ilẹ̀. Ọ̀rá ò padà síbì kankan, ara epo rọ̀bì àti gáàsì ló sì ti wá. Afẹ́fẹ́ tó bá móoru ń gba omi sára púpọ̀, òjò tó bá wá rọ̀ nígbà náà kì í ṣe òjò eré. Ìbàdàn mọ ohun tí mo ń wí: omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀rá tó bá dí ojú gọ́tà ń bá irú òjò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Àwọn ará wa ní Brazil ti ro èyí jinlẹ̀ jù wá lọ. Mãe Stella de Oxóssi, ìyálórìṣà Ilê Axé Opô Afonjá ní Salvador, tó re ìwàlẹ̀ àṣà ní 2018, sọ ní 2016 pé ilé òun ò ní ju ẹ̀bùn sójú òkun mọ́ lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì tí wọ́n ń ṣọdún Yemọja, orin ni wọn yóò máa fi bọ ọ́. Àwọn kan bínú sí i. Èmi ò ní lọ tó bẹ́ẹ̀, torí ohun tí òrìṣà bá ní kí a gbé wá, a gbọ́dọ̀ gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ Odù tó yan ọ̀rá dúdú. Nílé mi, ẹni tó bá gbé ẹbọ jáde nínú ọ̀rá, á gbé e padà wọlé.

Ewé àti igi wá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ èèpo igi, ẹ̀gbẹ́ kan ni kó ti bó o, díẹ̀. Igi tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yí po, kíkú ló máa kú, àwọn tó ń tà á lọ́jà sì mọ̀. Ẹ̀yin ọdẹ àti àgbẹ̀, ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn jíjó ìgbẹ́ láìnídìí. Kí olúkúlùkù sì gbin èyí tó ń já. Akòko, pèrègún àti ìyeyè ò le: ẹ gé ẹ̀ka wọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ tutù, wọ́n á sọ. Pèrègún wà lẹ́yìnkùlé mi tó máa kárí gbogbo wa. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Kẹjọ, ni kẹ́ ẹ wá gé e, kẹ́ ẹ lè rì í kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó bá a. Ẹ mú àdá tó mú wá, èyí tó kú á fọ́ ẹ̀ka náà. Orógbó ló nílò sùúrù, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó hù, nítorí náà ẹ fi igi ṣe àmì sójú ibẹ̀, kí àwọn ọmọdé má hú u wò lójoojúmọ́.