Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Ẹ̀mí Lobster Ró Nínú Gíláàsì

Ní Boston àti ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ṣàṣà ni ilé oúnjẹ ẹja ńlá tí ènìyàn ò ní bá àpótí gíláàsì tó kún fún omi òkun. Inú rẹ̀ ni lobster, edé ńlá inú òkun, ń rá pálá. Wọ́n ti fi rọ́bà de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí àwọn lobster má baà gé ara wọn jẹ. Kì í ṣe torí ẹwà ni wọ́n ṣe ń gbé àpótí náà síbẹ̀. Kété tí lobster bá kú ni bakitéríà ti ń pọ̀ sí i nínú ẹran rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàyè ni wọ́n ń sè é. Àwọn kan ń ṣe irú àpótí yìí sílé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣe.

Ebi kọ́ ni ewu tó ga jù. Nínú omi tútù, lobster lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹun. Àmóníà ló ń tètè pa á. Ó ń jáde láti ibi tí lobster fi ń mí, ó sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, èyí tó ń gba iwájú orí jáde, nítòsí ìdí ìwo rẹ̀ gígùn. Lójú agbami, omi á gbé e lọ. Nínú gíláàsì, ó di kó máa mí ìdọ̀tí ara rẹ̀.

Pọ́ǹpù ló kọ́kọ́ dá sí i. Ó ń fa omi gba inú àsẹ́ tó ń gba pàǹtí, kó tó tì í lọ sínú àpótí kékeré tí wọ́n kó ike wẹ́wẹ́ oníhò sí. Ara ike wọ̀nyí ni bakitéríà tó wúlò ń gbé. Irú kan ń sọ àmóníà di náítíráìtì, tó ṣì jẹ́ májèlé; irú kejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tó sì ń dín kù bí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Bakitéríà yìí lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó pọ̀ tó. Ẹni tó ra àpótí lónìí, tó kó lobster sí i lọ́la, ikú ló kó o sí.

Ẹ̀rọ mìíràn ń tú afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú ọ̀pá tí omi ń gbà kọjá. Ìdọ̀tí inú omi á lẹ̀ mọ́ ọn, á di hóhò, á gòkè lọ sínú ife. Ẹni tó bá da ife náà nù á gbóòórùn ohun tí ì bá jẹrà sínú omi.

Òtútù ló kù. Láti Labrador títí dé North Carolina, inú omi tútù ni lobster yìí ń gbé. Ìwọ̀n 5 sí 10 Celsius sì dára fún àpótí rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń móoru ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù. Bíi fíríìjì ni ẹ̀rọ amómitutù ń ṣe: gáàsì ń gbé ooru kúrò lára páìpù tí omi ń gbà. Titáníọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe páìpù náà, kì í ṣe bàbà. Bàbà wà nínú ẹ̀jẹ̀ lobster fúnra rẹ̀, òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Síbẹ̀, ìwọ̀nba bàbà tó bá yọ́ sínú omi lè pa á.

Omi àpótí náà gbọ́dọ̀ níyọ̀ bíi ti òkun, àmọ́ iyọ̀ ìsebẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ń tà fún àpótí ẹja ni wọ́n ń lò, bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kílórínì inú omi ẹ̀rọ.

Kí lobster tó dénú ìkòkò, ẹ gbé e sókè. Èyí tára rẹ̀ le á ká ìrù rẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn. Èyí tó ti kú, tí ìrù rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, ẹ má sè é.