Bí A Ti Í Gba Iye Wọlé Nínú Ètò Èdè C

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Òwe yìí bá ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà mu, pàápàá nígbà tí ètò náà yóò gba iye lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé bí ènìyàn bá ti tẹ 50, iye ni ẹ̀rọ gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì méjì ni ó gbà, 5 àti 0, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gba lẹ́tà. Ètò ni yóò sọ wọ́n di iye, ibẹ̀ ni ewu sì wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí ọ̀sà Àgbádárìgì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní akọ̀wé kan wà ní èbúté, tí ó ń tẹ iye èrò inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ètò lè sọ iye ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì tí a ó pín. Èrò àádọ́ta wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ̀wé ṣì, ó tẹ lẹ́tà o dípò òdo: 5o. scanf, tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń kọ́ni, yóò ka 5, yóò dúró níbi lẹ́tà náà, yóò sì jíṣẹ́ pé òun rí iye. Ẹ̀wù márùn-ún ni a ó pín fún èrò àádọ́ta. Lẹ́tà o yóò sì kù lẹ́nu ọ̀nà; nígbà tí a bá tún pe scanf fún ọkọ̀ kejì, kò ní rí iye kankan. Bí ètò kò bá yẹ ìdáhùn scanf wò, ó lè máa yí lójú kan láìdúró. atoi kò sàn jù ú lọ: bí kò bá rí iye, òdo ni í dá padà, a kò sì ní lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òdo tòótọ́.

Èdè C, tí Dennis Ritchie ṣẹ̀dá ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1972, gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ń lò ó. Àyẹ̀wò tí a kò bá pàṣẹ, kì í bá wa ṣe é.

Ní ayé owó ẹyọ, tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí etíkun wa láti Maldives, àti láti Zanzibar lẹ́yìn náà, márùn-ún márùn-ún ni àwọn òǹkàwó ń ṣà á títí yóò fi pé ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ojú wọn a ti rí owó kí ẹnu wọn tó dárúkọ iye. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà ṣe: kí a gba gbogbo ìlà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó pè é ní iye.

char ila[64], *ipari;
long iye;
if (fgets(ila, sizeof ila, stdin) == NULL) return 1;
errno = 0;
iye = strtol(ila, &ipari, 10);

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó kù. Èkíní, ǹjẹ́ iye wà níbẹ̀ rárá? Bí ipari bá dọ́gba pẹ̀lú ila, kò sí. Èkejì, kí ni ó tẹ̀lé iye náà? Bí *ipari kò bá jẹ́ '\n', ohun mìíràn wà nídìí rẹ̀, tàbí ìlà náà gùn jù. Ibí ni ọwọ́ yóò ti tẹ 5o. Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ iye náà tóbi ju èyí tí long lè gbà? errno yóò di ERANGE. Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ ó bọ́gbọ́n mu? Iye èrò kì í dín sí òdo, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ju ohun tí ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ ní èbúté lè gbé. Bí ọ̀kan bá kùnà, kí ètò sọ ìdí rẹ̀, kí ó nu ìyókù ìlà nù, kí ó sì tún béèrè.

Ìpìlẹ̀ ìkà ni 10 tí ó kẹ́yìn. Bí a bá fi 0 sí ipò rẹ̀, 010 yóò di mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá tẹ 5 gan-an nígbà tí 50 wà lọ́kàn rẹ̀, ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní mú un. Nítorí náà, kí ètò kọ iye náà padà fún un ní ọ̀rọ̀, "èrò márùn-ún", kí ó sì ní kí ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi àyẹ̀wò yìí sí ìparí ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ gba iye wọlé ni kí ó kọ́ bí a ti í kọ̀ ọ́.