Àìsùn Ti Parí, Ọjà Ti Ṣí: Níbo Ni Ìsọjí Wà?

     

Akọ̀wé yín ni mo tún dé. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ọdún tuntun sínú ìwé ìròyìn wa, mo sì ronú títí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó gbówó lórí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò dìgbà tí akọ̀wé bá kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni àdúrà tí àwa tá a jẹ́ Kristẹni gbà lóru ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Ẹ̀yin Alhaja wa, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kàn yín, nítorí kóńgò kò ní ẹ̀sìn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjà á ti máa tú. Ẹni tí kì í tètè palẹ̀ mọ́ á palẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì á ti kún, wọ́n á ti gbé àga síta. Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjìlá lù, gbogbo ìjọ á ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bó bá ti lù báyìí, ariwo á sọ! Ẹni tó ń sunkún ń sunkún, ẹni tó ń jó ń jó, àwọn ọmọdé á máa yin bàǹgà níta. Ohun tó sì wà lẹ́nu gbogbo wa ni pé kí Olúwa sọ wá jí lọ́dún yìí, kí a má wà bí a ṣe wà lọ́dún tó kọjá.

Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ á kéde orúkọ ọdún. Ọdún Ìtẹ̀síwájú. Ọdún Ìgbéga. Ọdún Ìsọjí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà, a ó rà á, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀. Ìsọ̀ kan wà ní ìlà àwa aláṣọ tó jẹ́ pé sítíkà ọdún márùn-ún ló wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀kan gun orí ọ̀kan. N kò bú ẹnikẹ́ni o, èmi náà ní tèmi lára àpótí owó mi. Àwọn ìjọ kan á tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nínú oṣù kìíní, ọjọ́ mọ́kànlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dáa púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bí oníbàárà bá ná ọjà yín lówó tí kò tẹ́ yín lọ́rùn lágogo méjì ọ̀sán, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ebi yín kọ́ ló wá rà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ìsọjí yìí dáadáa. Ẹni tó dákú la máa ń bu omi lù kó lè sọ jí. Ẹni tí kò wà láàyè rí, ta ló ń sọ ọ́ jí? Nítorí náà, tá a bá ní kí Ọlọ́run sọ wá jí, a ti gbà pé iná kan ti jó rí nínú wa, kó tó wá rẹ̀ sílẹ̀. Bí wòlíì Hábákúkù ṣe gbàdúrà nìyẹn nínú orí kẹta ìwé rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe rí, ó ní kó tún un ṣe. Ohun tó sì máa ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àárín ọdún ló dárúkọ, kò dárúkọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àárín ọdún, ìgbà tí sítíkà ti ń ṣí lára ilẹ̀kùn, tí kò sí ẹni tó tún ń pariwo.

Tó bá jẹ́ irú èyí tó ti ṣẹlẹ̀ rí là ń wá, ilẹ̀ wa níbí kò ṣàìní. Àwọn ìyá wa àgbà máa ń sọ nípa ìsọjí ọdún 1930, ní Òkè-Ooye, nílùú Iléṣà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wa ń gbọ́ orúkọ Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹ sì lè rò pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí i sí pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Odò-Ọwá ni, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, kó tó gba iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà, ó sì ń wa katakátá tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀ ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákéjì, katakátá náà dúró gbọnin, ó tún un ṣe títí, kò lọ. Ibẹ̀ ló ti ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí òun lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ ìjọba, lásìkò yẹn! Ó mú agogo, ó gba ìlú rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1930, àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle láti oríṣiríṣi ìlú pé jọ sí Iléṣà, Babalọlá sì wà pẹ̀lú wọn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n wá parí. Ibi tí àwọn àgbà ti ń fa ọ̀rọ̀ ni iná ti ràn. Ìtàn ìjọ náà sọ pé ọmọ kan tó ti kú ni wọ́n gbé wá, tí Babalọlá gbàdúrà fún un tó sì jí. Láti ọjọ́ yẹn, èrò kò dá mọ́. Wọ́n ń ti Ìjẹ̀ṣà wá, wọ́n ń ti Èkìtì, Ìbàdàn àti Èkó wá, àwọn kan nínú ọkọ̀, àwọn mìíràn fẹsẹ̀ rìn. Ìyá gbé ìkòkò, ọmọ gbé ìgò, kí wọ́n lè bu omi tí wọ́n gbàdúrà sí lọ sílé. Àwọn tó ní oògùn àti ère kó wọn jáde, wọ́n dáná sun wọ́n. (Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ọsibítù o. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ rí dókítà.)

Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ nìyí. Iná Iléṣà ti ń rú èéfín tipẹ́. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ń pàdé láti gbàdúrà. Joseph Ṣádárè wà nínú wọn. Obìnrin kan náà wà nínú wọn, Sophia Odúnlàmí, tíṣà ni. Òun ló jáde sọ pé Ọlọ́run rán òun pé kí àwọn èèyàn fi àdúrà àti omi òjò wá ìwòsàn. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ kékeré yẹn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò owó ọjà: láti 1918 sí 1930, ọdún méjìlá ni. Ọdún méjìlá tí ìwọ̀nba èèyàn fi ń gbàdúrà nínú yàrá, tí èrò kankan kò wá wò wọ́n.

Lẹ́yìn Iléṣà ńkọ́? Wọ́n ju Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932. Kò padà sídìí katakátá. Ó ń wàásù títí ó fi kú ní Ẹdẹ ní oṣù keje ọdún 1959.

Mo ti sọ èyí tó pọ̀ nípa Iléṣà. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà wa.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn onírẹsì wa lọ sí àìsùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbà kí n kọ ọ́. Pásítọ̀ wọn wàásù lórí Sákéù nínú Lúùkù orí 19, ẹni tó ní òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ tí ọjà ṣí, obìnrin yìí wo kóńgò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á fi òkúta lu ìdí kóńgò títí á fi wọnú. Lójú oníbàárà, ó kún, ó tún ga lórí, ènì pàápàá á wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò pé. Ó ti èyí sábẹ́ tábìlì, ó lọ ra tuntun tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí. Àpò ìrẹsì tó ń wọn kò fún un ní iye kóńgò tó ń fún un tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó wá di dandan kó fi owó lé kóńgò kan. Oníbàárà á ní, "Ìyá, kí ló dé tí tiyín wọ́n?" Á ní, "Kóńgò mi pé ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ibi tó ti ń ta àpò mẹ́ta, agbára káká ló fi ń ta ọ̀kan. Kò rí àjọ dá lẹ́ẹ̀mejì. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ dúró. Èyí tó dùn ún jù ni pé àwọn obìnrin tí wọ́n jọ kúnlẹ̀ lóru àìsùn, tí wọ́n jọ sunkún pé kí Ọlọ́run sọ wọ́n jí, ìsọ̀ kejì náà ni wọ́n ti ń ra ìrẹsì.

Ó fara dà á títí di oṣù kẹfà. Lọ́jọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ wa, ó gbé kóńgò méjèèjì wọlé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọn ìrẹsì kún ti àtijọ́, ó dà á sínú tuntun. Ó ku agolo mílíìkì kan àti ààbọ̀ kó tó kún. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ bá mi wo ti gbogbo ọjà, àbí kí n lọ máa lo èyí tó wà lábẹ́ tábìlì." Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyálọ́jà bi wá pé mélòó nínú wa ni tirẹ̀ pé. Kò sí ẹni tó fèsì.

Alhaja kan ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní súrà odindi kan wà nínú Àlùkùránì, súrà 83, tó ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, ó ní kì í ṣe òní lòun ti ń gbọ́ ọ. Ó jáde lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé kóńgò tirẹ̀ wá, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Ìyálọ́jà. Ẹni kejì dìde. Tèmi ni pé láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ yìí, n kò tíì rí irú rẹ̀. Kò sí máíkì níbẹ̀, kò sí dùùrù, ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì ń mú.

Láti ìgbà yẹn la ti fi kóńgò kan tó pé pérépéré sí ìsọ̀ Ìyálọ́jà, tí oníbàárà tó bá ń ṣiyèméjì lè fi wọn ọjà rẹ̀ wò. Mọ́kànlá nínú àwọn onírẹsì àti ẹlẹ́wà ti pààrọ̀ tiwọn. Àwọn tó kù ní àpò tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà gan-an kì í pé, kí ló dé tó fi jẹ́ àwa ni kí a pé? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ bá àwọn alágbàtà sọ ọ́. Àmọ́ ìyá tó ra kóńgò kan fún ọmọ márùn-ún kò mọ alágbàtà, àwa ló mọ̀. Ní ti obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ kan ti padà wá, àwọn mìíràn kò padà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé ìwé náà tán ní oṣù kọkànlá ni.

Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n ti wà nílẹ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, máa ń ṣe ìsìn májẹ̀mú níbẹ̀rẹ̀ ọdún. John Wesley ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 1755. Wọn kì í kàn béèrè nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, wọ́n á tún fi ara wọn jìn, pé ohun tó bá wù ú ni kó fi àwọn ṣe. Ìgbìmọ̀ wa kò lè ṣe ìsìn fún ẹnikẹ́ni, a kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í ṣe mọ́sáláṣí. Ohun tá a lè ṣe la fẹ́ ṣe yìí.

Ní Mọ́ńdè kejì nínú oṣù kìíní, aago méje àárọ̀, kí ọjà tó ṣí, kí gbogbo ẹni tó ń fi kóńgò tajà gbé tirẹ̀ wá sí iwájú ìsọ̀ Ìyálọ́jà. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní gba owó ìtanràn lọ́jọ́ náà. Alágbẹ̀dẹ yóò wà níbẹ̀ láti lu ìdí èyí tó bá ṣe é lù padà, ẹgbẹ́ ló san owó rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe é tún ṣe, ẹ ó rí tuntun rà ní iye tí ẹgbẹ́ rà á. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá ìwọn tiwa ló kàn ní oṣù kejì.